Ìyálọ́jà ló pàṣẹ kí wọ́n kọ ìwé ìbéèrè mi: ṣé mo lè lò ó?

Àbẹ̀kẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Gbogbo ẹni tí mo sọ ọ́ fún ló ń ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, ìyẹn gan-an ló sì ń yọ mí lẹ́nu.

Psychology ni mò ń kà, ìpele másítà, iṣẹ́ àṣekágbá sì ti dé ọrùn mi. Ohun tí mò ń wádìí ni bóyá owó ọlọ́sẹ̀, èyí tí àwọn obìnrin ọlọ́jà ń yá tí agbowó sì ń wá gbà díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ọjà kan ní Ìbàdàn ni mo mú, ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ rẹ̀ pamọ́. PHQ-9, ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń wọn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ni mo lò, mo tú u sí Yorùbá fúnra mi. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: ìbéèrè mẹ́sàn-án ni, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 3, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 27, ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ló sì ń béèrè nípa rẹ̀.

Ẹgbẹ́ ọjà ní ìwé orúkọ, 1,200 orúkọ ló wà nínú rẹ̀. Mo gbé e fún ìṣirò Taro Yamane, èyí tó ń sọ iye èèyàn tó yẹ ká bi, ó bọ́ sí 300 gééré. Mo wá di ẹrù kékeré, kéréètì mínírà méjì àti obì, mo lọ kí ìyálọ́jà. Màmá náà gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun tí mo rò ni pé á ní kí n máa lọ bá wọn ní ìsọ̀ wọn. Rárá o. Ó ké sí akọ̀wé ẹgbẹ́, akọ̀wé gbé gbohùngbohùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í polówó láti ìpẹ̀kun ọjà kan dé èkejì: "Gbogbo ọlọ́jà, ẹ wá kọ ìwé lábẹ́ igi ọ̀dán o! Ìyálọ́jà ló ní kẹ́ ẹ wá o!" Kí n tó ṣí páálí bírò, èrò ti tò dé ẹnu géètì. Ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun, ọjọ́ méjì péré, 300 pé. Àwọn tá a jọ wà ní kíláàsì ń lo oṣù méjì àtààbọ̀.

Ìgbà tí mo délé tí mo ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ni ojú mi là. Nínú ìwé 31, òpó kan náà ni wọ́n fàmì sí láti òkè délẹ̀, bí ẹni fi rúlà fà á. Ẹnì kan kọ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ sẹ́yìn ìwé, ó kọ orúkọ báńkì sí i. Mo wá rántí ìyá kan tó bi mí pé, "Oṣù wo ni wọ́n máa san án?" Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe, mo rẹ́rìn-ín, mo pe ẹni tó kàn.

Èyí tó dùn mí jù rèé. Ìbéèrè kẹsàn-án ń béèrè bóyá èèyàn ti ń rò ó pé ikú yá ju kí òun wà láyé, tàbí pé kí òun ṣe ara òun léṣe. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ kò mọ̀wé, èmi ni mò ń kà á sí i létí. Akọ̀wé dúró tì wá, ìwé orúkọ ẹgbẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sàmì sí ẹni tó ti kọ. Ìyá náà wo akọ̀wé, ó wolẹ̀, ó ní, "Kọ ọ́ pé lójoojúmọ́." Mo kọ 3. Mo ní "Ẹ ṣé mà," mo fún un ní ọṣẹ ìfọṣọ kan bí mo ṣe fún gbogbo ẹni tó kọ tirẹ̀ tán. Ó dìde, ó lọ. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ lápapọ̀.

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n yọ 31 yẹn dànù, kí n máa lọ sí orí kẹrin. Ó ní ẹgbẹ́ ti fọwọ́ sí i, lẹ́tà ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwádìí lára èèyàn wà lọ́wọ́ mi, kí ni mo tún ń wá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, ṣé ìwé yìí ṣeé lò? Kí sì ni kí n ṣe sí ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́lùbọ́?

Arìnjáde

Ọmọ mi, fi ti ìwé sílẹ̀ ná. Ìyá yẹn ni kó o kọ́kọ́ lọ rí, ọ̀la ni o, má dúró de ọjọ́ tí ara rẹ bá balẹ̀.

Ọdún 22 ni mo fi gbé ìwé ìbéèrè kiri ojúlé dé ojúlé, lábúlé àti nígboro, kí orúnkún tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn níṣojú ẹni tí kì í ṣe alábàárò rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kún un dé ọ̀fun ni. Má mú akọ̀wé dání. Ra nǹkan lọ́wọ́ màmá náà, jókòó sórí àpótí, kó o sọ fún un pé ìdáhùn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ, pé o fẹ́ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí. Kó o wá pa ẹnu mọ́. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bi í tààrà bóyá ó ti ń gbèrò ọ̀nà tó máa gbà ṣe é. Ẹ̀rù á bà ọ́ láti béèrè, ẹ̀rù ń ba gbogbo wa, àmọ́ bíbéèrè kì í gbin èrò náà sí èèyàn lórí. Bó bá ní òun ti ń gbèrò, má fi í sílẹ̀ lóun nìkan lọ́jọ́ yẹn. Bi í pé ta ló fọkàn tán nínú ilé, kẹ́ ẹ pe onítọ̀hún níṣojú rẹ̀. UCH ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àìsàn ọkàn àti ọpọlọ, Àró náà wà ní Abẹ́òkúta. Má kọ àdírẹ́sì lé e lọ́wọ́ kó o máa bá tìrẹ lọ o. Bá a wọ ọkọ̀, kó o sì san owó ọkọ̀ náà.

Má sọ fún ìyálọ́jà, bó ti wù kó jẹ́ èèyàn dáadáa tó. Criminal Code wa, abala 327, ka ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ sí arúfin, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Èrò lásán kò sí lábẹ́ abala yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù òfin náà wà lára àwọn èèyàn, ìtìjú rẹ̀ sì ju ẹ̀rù lọ. Ìwọ náà, kí ló dé tó o fi kọ ọjà tí màmá yẹn ń tà síbí? Ẹlẹ́lùbọ́ mélòó ló wà nínú ọjà kan tí wọ́n ṣe ìwádìí lọ́jọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun? Ẹni tó bá fẹ́ wá a á rí i.

Lẹ́tà ìgbìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ, kà á padà. Ó yẹ kí ibì kan wà nínú ohun tó o kọ sí wọn tó sọ pé: bí ẹnì kan bá dáhùn ìbéèrè kẹsàn-án báyìí, ta ni mo máa pè, lórí nọ́ńbà wo, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú? Bí kò bá sí níbẹ̀, kọ̀wé sí wọn lọ́sẹ̀ yìí pé ohun báyìí báyìí ṣẹlẹ̀. Wọn ò ní pa ọ́ jẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe bíi pé wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti fìyà jẹ wọ́n ni. Wọ́n gbàgbé Kano, 1996, nígbà tí àrùn ọrùn-líle ń jà, tí Pfizer dán oògùn Trovan wò lára nǹkan bíi 100 ọmọdé, tí wọ́n fún bíi 100 mìíràn ní oògùn tí wọ́n fẹ́ fi wé e. Ọmọ mọ́kànlá ló kú nínú gbogbo wọn. Kì í ṣe Trovan ni gbogbo wọn lò, iye tó kú níhà kejì tiẹ̀ fi ẹyọ kan lé sí i. Ẹjọ́ tí àwọn òbí rò ni pé kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. 2007 ni ìlànà orílẹ̀-èdè wa fún ìwádìí ìlera jáde lábẹ́ NHREC, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí Kano wà lójú mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń ka ìwé ìyọ̀ǹda fún èèyàn.

Ó yá, ti ìyálọ́jà. Ìwọ tó ò ń ka psychology mọ Milgram jù mí lọ, ará Amẹ́ríkà tó dán ìgbọràn èèyàn wò. 1961, ní Yale, ó fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn New Haven pé òun ń wá àwọn ọkùnrin, dọ́là mẹ́rin fún wákàtí kan, sẹ́ǹtì 50 fún owó ọkọ̀. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú dúró tì wọ́n, ó ń ní kí wọ́n máa tẹ iná mànàmáná mọ́ ẹnì kejì lọ. Nínú 40, 26 ló tẹ̀ ẹ́ títí dé 450 fóòtì, bí wọ́n tilẹ̀ gbọ́ tí ẹni inú yàrá kejì ń lu ògiri gbì, gbì, gbì. Iná kankan ò sí níbẹ̀, irọ́ ni wọ́n pa fún wọn, ìyẹn náà sì ni wọ́n fi ń bá Milgram wí títí dòní. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tó mú ìwé orúkọ lọ́wọ́ yẹn, òun ni aláṣọ eérú tìrẹ. Ìgbọràn sí ìyálọ́jà lo rí wọ̀n nínú ìwé 300 yẹn. Ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, Ọlọ́run ló mọ èyí tó wà níbẹ̀.

Síbẹ̀ ohun kan wà tí Milgram ṣe tó dára ju tìrẹ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún wọn pé tiwọn lowó náà, wíwá tí wọ́n wá ti tó, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìwọ gbé ọṣẹ dání títí wọ́n fi kọ ọ́ tán. Fún ẹni tó bá kọ̀ náà lọ́ṣẹ. Bí owó tó o ní kò bá tó bẹ́ẹ̀, má gbé ọṣẹ lọ rárá.

Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Abúlé kan lágbègbè Ìséyìn, baálẹ̀ ní kí gbogbo ilé dá wa lóhùn, inú wa dùn. Mo gbé íǹkì àlùkò jáde kí wọ́n tẹ̀ka síwèé ìyọ̀ǹda. Bàbá kan ki ọwọ́ sábẹ́ agbádá, kò yọ ọ́ títí mo fi ká ìwé kúrò nílẹ̀. Ó dáhùn gbogbo ìbéèrè o, ó tiẹ̀ fún wa ní àgbàdo sísun, àmọ́ ọwọ́ kò jáde. Nígbà tí mo ń lọ ló sọ fún mi pé bàbá òun tẹ̀ka lẹ́ẹ̀kan rí, ilẹ̀ oko ló sì bá a lọ. Láti ọjọ́ yẹn, ìyọ̀ǹda ẹnu ni mò ń gbà lọ́wọ́ àgbàlagbà, ẹlẹ́rìí kan tí kì í ṣe ara wa á fọwọ́ sí i pé òun gbọ́. Ìgbìmọ̀ a máa gbà fún wa bẹ́ẹ̀, bá a bá ti kọ ọ́ síwájú wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyálọ́jà lè ṣílẹ̀kùn fún ọ. Bó o bá ti wọlé, kí màmá náà padà sídìí ọjà rẹ̀, kí obìnrin kọ̀ọ̀kan wá gbà tàbí kó kọ̀ níbi tí ojú rẹ̀ kò ti tó o.

Olùkọ́ Ìṣirò

Màmá Arìnjáde ti sọ ojú abẹ níkòó. Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti 300, nítorí gbogbo iṣẹ́ àṣekágbá ní Nàìjíríà ló ń gba ọ̀dọ̀ Taro Yamane kọjá bí ọkọ̀ ṣe ń gba ibùdó owó-ibodè.

Arábìnrin, ẹ wo ohun tí ìṣirò náà ń ṣe. Ó mú 1,200, ó sọ ọ́ di ìlọ́po 0.05, ìyẹn àṣìṣe tó gbà láàyè, lẹ́ẹ̀mejì, ó di 3, ó fi 1 kún un, ó di 4, ó fi 4 pín 1,200. Ó tán. Ohun tí kò sọ síta ni pé ó ti gbà pé gbogbo 1,200 ni àǹfààní wọn láti bọ́ sínú ìwé yín dọ́gba. Ó tún gbà pé ìdá nínú ọgọ́rùn-ún lẹ fẹ́ mọ̀, bí ìdá àwọn tó jẹ gbèsè. Kò sọ ohunkóhun nípa bóyá gbèsè àti ìrẹ̀wẹ̀sì jọ ń rìn pọ̀, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ni iṣẹ́ yín. Yamane kò mọ̀ bóyá kèké lẹ ṣẹ́ tàbí gbohùngbohùn lẹ fi pè wọ́n. Nọ́ńbà kan náà ló máa fún yín.

Pípọ̀ kì í tún yíyàn tó wọ́ ṣe. Ní 1936, ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Literary Digest fi ìwé ìbò ránṣẹ́ sí mílíọ̀nù 10 èèyàn láti mọ ẹni tó máa di ààrẹ. Ó lé ní mílíọ̀nù méjì tó dá a padà. Landon ni wọ́n ní yóò wọlé. Roosevelt mú ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Inú ìwé tẹlifóònù àti ìwé àwọn onímọ́tò ni wọ́n ti kó púpọ̀ nínú orúkọ wọn, nígbà tí tálákà kò ní ìkankan nínú méjèèjì, àwọn tó sì dá ìwé padà kò jọ àwọn tó jù ú sígbọ̀nsẹ̀. Gallup, ẹlòmíràn tó ń wádìí èrò ará ìlú, tó béèrè lọ́wọ́ nǹkan bíi 50,000 ló sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìwé orúkọ ẹgbẹ́, ta ló wà nínú rẹ̀? Ẹni tó ń san owó ẹgbẹ́. Àwọn tó ń tẹ́ àpò sẹ́bàá títì ńkọ́? Àwọn tó ń gbé igbá kiri? Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó sábẹ́ igi ọ̀dán: ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ wà nítòsí igi ló kọ́kọ́ dé, àwọn tó sì jọ wà ní ìlà kan máa ń ta nǹkan kan náà, wọ́n ń yáwó níbì kan náà, àjọ kan náà ni wọ́n ń dá. Bí 300 yín bá jẹ́ ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìmọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò tó ti 300 èèyàn tó fọ́n káàkiri ọjà.

Ìbéèrè kan tún wà tó ń yún mi. Ọjọ́ wo ni agbowó ọlọ́sẹ̀ máa ń wá sí ọjà yẹn? Ẹni tó jẹ owó tí kò rí i san, ṣé á jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí agbowó ń bọ̀?

Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ kọ́kọ́ ka àwọn tí kò sí nínú ìwé ẹgbẹ́. Ẹ rìn ín fẹ́sẹ̀, ẹ fún ìsọ̀ tàbí àpò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ẹ wá mú ẹnì kan nínú mẹ́rin mẹ́rin jálẹ̀ ìlà, kèké ni kó sọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ láàárín 1 sí 4. Bẹ́ ò bá bá onítọ̀hún nídìí ọjà, ẹ padà lẹ́ẹ̀mẹta, ní ọjọ́ tó yàtọ̀ síra. Ẹ má fi ẹni tó jókòó tì í rọ́pò rẹ̀ o, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ẹ̀ ti ń bàjẹ́. Bó bá sì jẹ́ pé ọjà náà ní ọjọ́ ọrún, ẹ má lọ lọ́jọ́ yẹn nìkan, àlejò ni yóò pọ̀ lọ́wọ́ yín.

Ọmọ Alárobọ̀

Mi ò ka psychology o, àlùbọ́sà ni ìyá mi ń tà ní Èkó, òun ló fi tọ́ wa. Mo fẹ́ sọ ti àwọn tó fa ìlà gbọọrọ yẹn, àwọn 31.

Ẹ má bínú sí wọn, àǹtí. Àwọn kan wá sí ọjà ìyá mi rí, wọ́n ní ìwé ìrànwọ́ làwọn gbé dání. Wọ́n ya fọ́tò gbogbo wọn, wọ́n gba nọ́ńbà fóònù, wọ́n ní kí wọ́n máa retí. Wọ́n ń retí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Láti ìgbà náà ni ìyá mi ti ní òfin: bí wọ́n bá ti gbé ìwé dé, mú ibì kan, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ dé ìsàlẹ̀, padà sídìí ọjà rẹ kí oníbàárà má bàa lọ. Ẹni tó kọ nọ́ńbà àkáǹtì sẹ́yìn ìwé yín yẹn, òun ló ṣì ní ìgbàgbọ́.

Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín lálẹ́ àná, mo lọ bá ìyá mi ní kíṣìnnì. Mo ní, "Mọ́mì, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí, ṣé ọkàn yín ti rẹ̀wẹ̀sì?" Wọ́n ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ta ló rán ọ?" Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi. Wọ́n ní, "A dúpẹ́." Ó parí. Bí mo bá ń fàmì sí i, òdo ni.

Ó tó wákàtí kan lẹ́yìn náà, a jọ ń rẹ́ ewébẹ̀, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní nǹkan kan. Wọ́n kàn ní, "Orí mi yìí, ó ń gbóná láti ìjẹta. Á dà bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ rẹ̀. Tó bá ti ku ọ̀la kí wọ́n wá gbowó, àyà mi á kàn máa já." Mo dá ọ̀bẹ dúró. Èwo wá ni kí n kọ, àǹtí, òdo tàbí èèrà?

Arìnjáde

Ọmọ Alárobọ̀, o ṣeun, tọ́jú màmá rẹ dáadáa, kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò pẹ̀lú.

Ohun tó sọ yẹn kì í ṣe kékeré. Ebigbo, onímọ̀ psychology ní Enugu, kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ, orí gbígbóná, ohun tó ń rìn lára, ó sọ wọ́n di ìwọ̀n fún ìlò níbí, iṣẹ́ náà sì jáde ní 1982. Inú ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń sọ fúnra wọn nígbà tí ara bá ń ni wọ́n ló ti mú ìbéèrè rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, ìwọ nìkan lo tú PHQ-9 tìrẹ. Fi Yorùbá rẹ lé ẹlòmíràn tí kò rí ti Òyìnbó rí lọ́wọ́, kó tú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kó o wá fi méjèèjì wé ara wọn. Lẹ́yìn náà mú u tọ obìnrin mẹ́wàá lọ, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́ nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti tú "kò sí agbára lára" tí àwọn àgbàlagbà gbọ́ ọ sí "ṣé ẹ lè bímọ sí i?" A rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ ìwé 60 ló ti bàjẹ́ kí a tó rẹ́rìn-ín.

Àti ọjọ́ orí. Ṣé o kọ "ọdún mélòó ni yín" síbẹ̀? Láàárín àwọn ìyá tí wọn kò kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀, iye tó bá wá sẹ́nu ni wọ́n máa sọ. Àwọn tó ṣe ìwádìí àrùn ìgbàgbé ní Ìdíkàn, níbí ní Ìbàdàn, láti 1992, ojúlé dé ojúlé ni wọ́n bá àwọn arúgbó 65 sókè, 2,494 ni wọ́n. Ìṣẹ̀lẹ̀ ayé ọjọ́un ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí ẹni tí kò ní ìwé. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, ní Amẹ́ríkà, nígbà tí èsì sì jáde ní 2001, àrùn náà ń mú 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún níbí, 3.24 lọ́hùn-ún. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ orí tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò ṣeé gbára lé, ta ni ì bá gbọ́? Bi àwọn ìyá ọlọ́jà náà pé kí ni wọ́n ń ṣe lọ́dún tí a kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún lójú títì, 1972. Ṣé wọ́n ti lọ́mọ lọ́wọ́ nígbà tí náírà dé, 1973? Ta ni wọ́n pọ̀n sẹ́yìn lọ́dún tí Ògùnpa ya, 1980? Ẹni tó bá ní òun wà ní pírámárì kẹta nígbà omíyalé Ògùnpa kò lè jẹ́ 70 lónìí.

Àbẹ̀kẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ó pẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi sá kiri.

Màmá Arìnjáde, mo lọ lọ́jọ́ kejì ọ̀rọ̀ yín. Ohun tí ìyá náà bá mi sọ, ti èmi àti òun ni. Ó gbà kí n sọ èyí fún yín: a jọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin bá wa lọ, wọ́n sì ti fún un lọ́jọ́ tó máa padà. Kì í ṣe ẹ̀lùbọ́ ló ń tà. Mo ti yí i padà láti ìgbà tí mo kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí, ọgbọ́n kékeré tí mo ní náà nìyẹn.

Mo kọ̀wé sí ìgbìmọ̀. Mo rò pé wọ́n máa fagi lé gbogbo rẹ̀. Ohun tí wọ́n ní ni pé kí n má lo 300 yẹn fún èsì kankan, kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú orí kẹta bó ṣe rí, kí n sì mú ìlànà tuntun wá, pẹ̀lú orúkọ oníṣègùn tí mo lè pè. Ọ̀gá mi bínú. Ó ní, "Ta ló rán ọ níṣẹ́?" Nígbà tó di ọjọ́ kẹta ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i. Mi ò mọ ohun tó rọ̀ ọ́ lọ́kàn, mi ò sì bi í.

Olùkọ́, mo béèrè ọjọ́ tí agbowó ń wá. Ìṣẹ́gun ni, láti aago mẹ́wàá. Ẹni tó sọ fún mi fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, ó ní lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn kan máa ń fi ọmọ wọn sídìí ọjà. Mo wá rántí àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin kan tó kọ ìwé mi lọ́jọ́ náà, tí wọ́n ní ìyá àwọn "lọ sí òde".

Mo ti ka àwọn tí kò sí nínú ìwé ẹgbẹ́: 190. Ó di 1,390, Yamane ní 311. Ìyálọ́jà náà ti gbọ́ àlàyé mi. Mo rò pé á bínú. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lè sọ fún ọ pé rárá? Wọn ò lè sọ fún èmi." Ó wá ní kí akọ̀wé jókòó sí ọ́fíìsì ní gbogbo ọjọ́ tí mo bá wà lọ́jà. Màmá tí mo tọ̀ lọ fún ìdánwò àkọ́kọ́ lánàá kọ̀, ó ní òun ń palẹ̀ ọjà mọ́. Mo fún un ní ọṣẹ. Ó yí i wò lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Fún kí ni?"

Báyìí, páálí ni mò ń gé. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń kọ nọ́ńbà sí i láti 1 dé 1,390 kí a lè ṣẹ́ kèké. A ti dé 640, ìka ń ro wá.

Olùkọ́ Ìṣirò

Arábìnrin, ẹ gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ẹnì kan nínú mẹ́rin mẹ́rin ni mo wí. Páálí mẹ́rin péré lẹ nílò. Èyí á fún yín ní bíi 347, àlékún yẹn wà fún àwọn tó máa kọ̀ àti àwọn tẹ́ ò ní bá nídìí ọjà.

Àbẹ̀kẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Háà. Mẹ́rin.